Táìsì Àárín Gbọ̀ngàn

Lórí ìkúnlẹ̀ ni tíṣà ìṣirò ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin tó ń fi táìsì tẹ́ ilẹ̀, láàárín gbọ̀ngàn tuntun ilé-ìwé wọn. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lélẹ̀, ó di ojú kan, ó ń wò bóyá táìsì kan ṣoṣo tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́jú. Eruku sìmẹ́ńtì ti sọ irun rẹ̀ di ewú. Ká má parọ́, ó wu tíṣà obìnrin yìí lójú ẹsẹ̀.

Tún-un-wọ̀n làwọn ẹlẹgbẹ́ ọkùnrin náà ń pè é, nítorí kì í gba ìwọ̀n àkọ́kọ́ gbọ́. Tíṣà bi í pé kí ló dé tí kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní àárín lòun ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀tún àti òsì lè dọ́gba. Ó ní ìlà mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni yóò wà, táìsì mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Ẹgbàárùn-ún lé igba ó lé ẹyọ kan nìyẹn," ni tíṣà wí. "Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe rí láti iwájú náà ló rí láti ẹ̀yìn."

Ọkùnrin náà fìka kọ 10201 sórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, tíṣà ò mọ ọ̀nà mìíràn gbà dé kíláàsì mọ́ àfi inú gbọ̀ngàn.

Ìfẹ́ wọn jinlẹ̀, àmọ́ bàbá tíṣà wà nílé. Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì lòun náà, ó sì ti lé ọkùnrin kan tó wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ rí, ẹni tó ń ṣe bí ẹni mọ ohun gbogbo tán. Ọmọbìnrin yìí ò sì ní fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ fà sí i tó. Ẹ̀rù bà á gan-an lọ́jọ́ tó mú un wálé.

Bàbá ní kó dárúkọ nọ́ńbà kan tó mọ̀ bí ẹni mọ èèyàn. Ó dárúkọ ti gbọ̀ngàn. Bàbá bi í pé kí ló lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí oókan àti òun fúnra rẹ̀. Ó ní mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, ọwọ́ òun lòun fi lẹ̀ ẹ́.

"Òmíràn ńkọ́?"

Tún-un-wọ̀n ì bá ṣe bí ẹni mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀, sà. A ti dán ẹẹ́ta wò, a dán eéje wò, ó ń ṣẹ́ kù. Ọmọ yín ṣì ń kọ́ mi ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin tó ṣáájú ò lè sọ pé òun ò mọ̀ láéláé. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ pé kó gbé àga mìíràn fún ọkọ rẹ̀, èyí tó jókòó lé yẹn ń mì.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn méjèèjì dúró lórí táìsì àárín.

"Òmíràn wà, àbí kò sí?" Tún-un-wọ̀n bi í.

"Kò sí, olówó orí mi. Mo ti dán gbogbo wọn wò. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló bá a mu, bí ìwọ nìkan ṣe bá mi mu." Ó fẹjú mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ṣé o ò ní tún un wọ̀n?"

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ti èyí, rárá."