Iṣẹ́ Abẹ Tí Samson Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣe

Samson ń gbin iṣu ní Ìlúpéjú-Èkìtì. Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ sanra débi pé kì í rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì. Samson kò rí àléébù níbẹ̀.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìdó nítorí ìtọ̀ ṣúgà Fúnmilọ́lá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Dókítà Tósìn ní kí àwọn méjèèjì jókòó.

"Mà, ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ yín. Ó ti ń dá egbò sí i."

"Kò kúkú dùn mí," Fúnmilọ́lá wí.

"Kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gbìyànjú láti dín oúnjẹ kù, ìsanra náà kò lọ. Iṣẹ́ abẹ kan wà tó ń dín àpò oúnjẹ inú kù. Bí ìsanra bá dínkù, ọ̀rá á kúrò lára ẹ̀dọ̀, egbò náà sì lè máa jiná. Ó ní ewu tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara yín ṣì lè gbà á."

"Ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn," Samson wí.

"Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa jẹ, Bàbá. Wọ́n á sì máa lo fítámì títí ayé."

Fúnmilọ́lá gbà. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ dín oúnjẹ kù gan-an fún oṣù méjì. Ó fi iyán sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Lọ́jà, Àhmọ́dù tí òun àti Samson jọ ń ta iṣu wo Fúnmilọ́lá.

"Samson, ṣé gbogbo iṣu lò ń tà ni? Ìyàwó rẹ ti gbẹ bí èèpo."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Samson kó iṣu rẹ̀ jọ.

Nígbà tó délé, ó ní, "Ìyá Ìyìn, kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́. Wọn ò ní sọ pé ebi ń pa ìyàwó oníṣu nínú ulé mi."

"Bàbá Ìyìn, ẹ jẹ́ n lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Samson gbé odó kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gún iyán lọ́jọ́ náà. Fúnmilọ́lá jẹ ẹ́.

Lọ́dún yìí, ẹyinjú Fúnmilọ́lá pọ́n bí èso ìyeyè. Ikùn rẹ̀ wú, apá rẹ̀ gbẹ. Samson gbé e padà sí Ìdó.

"Dókítà, ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo ti gbà."

"Ó ti pẹ́ jù, Bàbá. Ẹ̀dọ̀ ti le, omi ti kún ikùn. Bí a bá fi abẹ kàn wọ́n báyìí, wọ́n lè má jí mọ́."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"A ó máa fa omi náà. A ó máa dín ìnira kù."

Fúnmilọ́lá gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má bá Bàbá Ìyìn wí," ó sọ fún dókítà. "Èmi náà ni mo jẹ ẹ́."

Samson ló ní kí a sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ẹni tó bá sanra púpọ̀ tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó lọ yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má dúró de ìrora. Dídín oúnjẹ kù àti ìrìn la fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ bi dókítà bóyá iṣẹ́ abẹ yẹ yín. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹ má fi ẹni tó ń rù nítorí ìtọ́jú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó yín bá fẹ́ lọ gba ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó lọ nígbà tó ṣì lè padà wálé.