Fìlà Tí Etí Rẹ̀ Kan Gùn

Fìlà tí Ìyá Búrẹ́dì ń ṣàpèjúwe fún wa lọ́jọ́ náà, orí itan mi ló wà, mi ò sì tíì hun ún tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà la jókòó sí, àárín pákó àti eruku pákó. Ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ̀lé ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò, ti fẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ ìtàn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fojú ara wọn wò ní pápá, kí a kọ ọ́ sínú ìwé kan. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Èmi tí mi ò lè kọ orúkọ ara mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn! Kíláàsì àgbà ni mo ti kọ́ ọ, oyún ń bẹ nínú mi, orí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, mo gbà á bí ẹni gba ẹyin.

Èmi fúnra mi ò dé pápá rí. Ọkọ mi ló ti máa ń lọ, kí iṣẹ́ tó gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ipò rẹ̀ ni mo dì mú nínú ẹgbẹ́. Èrò pápá ń bà mí lẹ́rù. Kí n má parọ́, láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, kò sí ohun tí kì í bà mí lẹ́rù: àtẹ̀gùn, omi gbígbóná, ikọ́ tó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ. Eyín méjì péré ló hù sí i lẹ́nu, nísàlẹ̀, torí náà ni mo ṣe ń pè é ní Eléyín Méjì. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, inú yàrá wa nìkan sì ni.

Bí wọ́n bá ń sọ̀tàn, màá kọ ọ́. Bí wọ́n bá ń jiyàn, màá gbé fìlà ọmọ mi, màá máa hun ún lọ. Òwú pupa àti funfun ni, àwọ̀ ikọ̀ wa. Mo ti hun orí rẹ̀ tán, ó ku etí méjèèjì.

Ìyá Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ọmọ ọdún méje ni mí, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé. Bàbá mi ní kí n dúró, àwọn fẹ́ ra omi. Èrò bá gbé mi lọ. Mo ń ké bí ewúrẹ́. Obìnrin kan ló pè mí, ìlà kẹta ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó pọn ọmọ. Ó ní, ‘Di etí aṣọ mi mú, má wo ibòmíràn.’ Mo dì í mú títí bàbá mi fi rí mi. Mi ò rántí iye góòlù o. Fìlà ọmọ yẹn ni mo rántí, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Òwú pupa àti funfun, etí rẹ̀ kan gùn, ó ń gbá ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́.”

“Ẹ ò rí i báyìí,” ni Káfíńtà wí. “Bí Ìyá Búrẹ́dì ṣe ń wo bọ́ọ̀lù títí dòní nìyẹn. Fìlà ni wọ́n ń wò.”

“Ó sàn ju ìwọ tó ń wo rẹfirí bí ẹni ń ṣọ́ olè.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ìwé bo ohun tó wà lórí itan mi.

Ó kan Káfíńtà. Ó fa pẹ́ńsù yọ létí rẹ̀, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. “Ọdún kejìdínlógún rèé. Wọ́n ti gbá méjì wọlé wa. Mo dìde, mo fẹ́ máa lọ sílé. Obìnrin kan fọwọ́ kan apá mi. Ó ní, ‘Ẹ jókòó, bọ̀dá. Ó ku mẹ́ta.’ Mo ní mẹ́ta kí ni? Ó ní góòlù. Mo rò pé orí rẹ̀ dàrú ni! Ṣùgbọ́n mo jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mélòó la gbá wọlé?”

“Mẹ́ta!” ni wọ́n ké, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ìyá Búrẹ́dì ń pàtẹ́wọ́.

“Ó pọn ọmọ,” ni Káfíńtà ń sọ lọ. “Ọmọ náà dé…” Ó wo Ìyá Búrẹ́dì.

“Kí ló dé?”

“Fìlà.”

“Etí ẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ má bi mí léèrè etí, ẹ jọ̀ọ́.” Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ọmọ wo ló ń wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá?”

Eruku pákó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.

Bàbá Onífèrè ló kù. Àwọn ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, fèrè irin kan kì í sì kúrò lọ́rùn wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí pápá, wọn ò pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan jẹ rí. Wọ́n ti fọn fèrè yẹn nínú òjò, wọ́n ti fọn ọ́n lọ́jọ́ tí ikọ̀ wa jábọ́ sí ìpele kejì, tí gbogbo èèyàn sá lọ. Àwọn la fi ń yangàn.

“Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ṣí pápá ni tèmi,” ni wọ́n wí. “Àádọ́ta ọdún. Èmi náà rí obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n ìgbà tí bọ́ọ̀lù parí ni. Ọ̀já wà láyà rẹ̀, ó so ó dáadáa, kò tú. Ọmọ ni kò sí níbẹ̀. Ó ń sáré kiri, ó ń pe orúkọ.” Wọ́n gbé ọwọ́ lé fèrè. “Akọ̀wé, ibẹ̀ ni kí o dá a dúró. Ìyókù, mi ò ní sọ.”

Mo bi wọ́n, ohùn mi ò ju ti èèrà lọ: “Bàbá, orúkọ wo ló ń pè?”

“Kì í ṣe orúkọ gidi. ‘Eléyín Méjì’ ló ń pè.”

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi sùn sórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń mu àtàńpàkò. Bàbá wo ọmọ, wọ́n wo èmi náà, wọ́n sì dìde lọ sílé láìdágbére.

Nígbà tí mo délé, mo tú fìlà náà pátá. Mo gé ìdajì òwú, mo jù ú sínú iná, kí n má baà lè hun ún mọ́, mo sì sọ ìyókù sínú agbọ̀n. Mo sì pinnu: ọmọ mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ pápá yẹn.

Ṣùgbọ́n pápá ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà, kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni màá sì ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé ọmọ lọ fún ìyá ọkọ mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jáde.”

“Ìyàwó,” ni wọ́n wí, “ta ló tọ́ ọkọ rẹ dàgbà? Ṣé ìwọ ni?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mo dúró láàárín pápá, níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ka ojú ìwé kan gbáko láìkọsẹ̀. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà ń fi ìkawọ́ nu ojú. Gbogbo pápá dìde fún mi, àtẹ́wọ́ ń rọ̀ bí òjò orí páànù. Ká ní mo kú lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá sin mí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ìlà kẹta ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mo dá ibẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní kò séwu, ẹ̀yìn mi ṣófo.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi bá mi, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn.

“Ṣé kí ọmọ má gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ìyá ẹ̀ ni? Sún mọ́ mi, jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n fún ọ.” Wọ́n ti ń di ọ̀já kí n tó rí fìlà lórí ọmọ. “Mo rí òwú nínú agbọ̀n rẹ nígbà tí mo wá kí yín lánàá, mo mú un lọ, mo bá ọ hun ún. Òwú ò tó, etí kan kúrú díẹ̀. Ta ló máa wò ó?”

Ọgbọ́n tí mo gbọ́n nídìí iná ló padà wá jókòó sórí ọmọ mi. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ti wá omi lọ, èrò ti dí ọ̀nà, rẹfirí ti fọn fèrè.

Mi ò wo bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn, mo di ìdí ọmọ mú. Ó pẹ́ díẹ̀, ohun kan fa aṣọ mi. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó ń ké bí ewúrẹ́. Àmì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, ibi tí ti Ìyá Búrẹ́dì wà gan-an. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó: “Di etí aṣọ mi mú, má wo ibòmíràn.” Ọkùnrin kan sáré wá gbé e, ike omi lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀dà òpó ti yí padà, aṣọ àwọn èèyàn kì í ṣe aṣọ tí mo bá níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣépè fún aṣọ́lé ikọ̀ wa. Pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án lápá. Èmi ni mo kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé, mo mọ iye tó kù.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn koríko tuntun. Òpó ò lọ́dà rárá mọ́, sìmẹ́ńtì tútù ni. Rẹfirí fọn fèrè ìparí. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́.

Ọ̀já ṣì le láyà mi. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn, aṣọ òfìfo ni. Mo pariwo, “Eléyín Méjì! Eléyín Méjì!” Mo ń fọwọ́ gbá èrò, ojú ń wò mí, kò sẹ́ni tí mo mọ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ ju kí èèyàn bu omi mu lọ. Fèrè kan dún lẹ́yìn mi, kì í ṣe ti rẹfirí, fèrè irin ni. Mo yí padà.

Ọmọ mi jókòó sórí ìjókòó mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Kò dé fìlà. Ó ń wò mí bí ẹni ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí.

Ọ̀dà ti wà lára òpó. Káfíńtà àti Ìyá Búrẹ́dì ti so mọ́ ara wọn, wọ́n ń fò. A ti borí. Bàbá Onífèrè dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, fèrè ṣì wà lẹ́nu wọn.

Wọ́n sún mọ́ mi. “Ya ẹnu ẹ̀.”

Mo ya á. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fi ìka ra èrìgì ọmọ yìí. Méjì ló wà níbẹ̀. Ó ti di mẹ́ta, ẹ̀kẹta sì ti hù dé ìdajì.

Bàbá jókòó bí àpò tó tú. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ni wọ́n wí wúyẹ́wúyẹ́. “Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá, mo gbé e nílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Nígbà tí mo máa fi wá ìyá ẹ̀, kò sí mọ́. Mo gbé e lọ fún ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sùn láàárín wa.” Wọ́n na ìka hàn mí, àpá funfun kékeré wà níbẹ̀. “Ẹ̀kẹta yẹn ló fi gé mi jẹ. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé e wá síbi òpó yìí, mo fọn fèrè, bóyá ìyá ẹ̀ á gbọ́. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, fìlà nìkan ló kù.”

“Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ ìdajì fún ìyá ọmọ? Ìdajì ni mo mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó délé.” Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin rò pé bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn tó báyìí, àádọ́ta ọdún!”

Ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú omi. “Fìlà dà? Fìlà tí mo hun lánàá!”

Bàbá fa ọ̀rá kan yọ lápò, wọ́n mú fìlà jáde nínú rẹ̀. Pupa rẹ̀ ti di àwọ̀ ìpẹtà, funfun rẹ̀ ti pọ́n. Etí rẹ̀ kan gùn. Ìyá ọkọ mi yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n rí kókó tí àwọn fúnra wọn ta.

“Ta ló fọ nǹkan báyìí?” ni wọ́n béèrè.

Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, tí mo fi kún ìwé ẹgbẹ́ wa, lèyí, ìtàn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí èmi lọ. Mi ò rí góòlù kan ṣoṣo, Káfíńtà ò sì jẹ́ kí n gbádùn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni obìnrin ìlà kẹta. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Mo ń lọ sí pápá báyìí, ọmọ wà níwájú mi, kì í ṣe ẹ̀yìn. Bí Bàbá bá fọn fèrè, á na ọwọ́ sí wọn, á máa rẹ́rìn-ín. Ojú Bàbá kọ́ ló máa ń wò. Òkè díẹ̀ ló máa ń wò, ibi tí ojú wọn ti wà kí ẹ̀yìn wọn tó tẹ̀.