Eegun Tó Tún Kán

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé Ìnsípẹ́kítọ̀ Hadassah nílé ìtẹ̀wé náà ní Ṣómólú. Ó ta sára ògiri, ó ta sórí káàdì ìgbéyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ó sì ṣàn wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Adéníjì tó ni ilé ìtẹ̀wé nà gbalaja sílẹ̀, àtàrí rẹ̀ ti fọ́. Irin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun lẹ̀ mọ́ ọn.

Hadassah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo òkú náà. Adéníjì ga bí òpó iná, síbẹ̀ láti òkè ni irin ti sọ̀ kalẹ̀ bà á. Ẹni tó lù ú ga, ó sì fi gbogbo agbára gbé irin sókè.

Ẹni mẹ́ta ló kù tó ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀: Níní, ìyàwó olóògbé, Raphael, àbúrò Níní, àti Àlímì tó ń bá wọn tẹ̀wé.

Àlímì sígbọnlẹ̀. "Ó gbá mi létí lánàá lójú oníbàárà. Mo bínú, mà, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n Onípanu ni mo wà láti àárọ̀, mo ń ra pépà. Ẹ pe ẹni tó tà á fún mi."

Wọ́n pè é. Òótọ́ ni.

Ojú Níní kan ti wú dí. Kò dúró de ìbéèrè. "Èmi ni mo pa á."

"Ẹ fi hàn mí." Hadassah na igi kan sí i, ó ní kí ọlọ́pàá kan tó ga dúró síwájú rẹ̀. Níní na apá títí, igi náà kò ju etí ọlọ́pàá lọ. Hadassah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Èèyàn kì í gbé irú irọ́ yìí rù nítorí àlejò.

Raphael, géńdé gíga, jókòó síta, ó fi apá ọ̀tún lé àyà, òógùn bò ó.

"Èmi kọ́, mà. Adéníjì ló ṣẹ́ eegun èjìká mi lọ́dún tó kọjá níbi tí mo ti ń gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Dókítà fi irin pẹlẹbẹ àti ìṣó dè é pọ̀. Ó ṣì wà lára mi. Apá yìí ò lè gòkè."

Ó yọ fọ́tò eegun rẹ̀ jáde. Irin àti ìṣó hàn kedere níbẹ̀.

"Ẹ ṣí ọrùn ẹ̀wù yín."

Àpá náà pọ́n, ojú abẹ́rẹ́ kò tíì jinná tán.

"Ọgbẹ́ ọdún tó kọjá ló ṣì pọ́n báyìí?"

Raphael fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ padà bo àpá náà.

Hadassah mú un lọ sílé ìwòsàn kan ní Fádèyí, wọ́n ya fọ́tò mìíràn. Dókítà nàka sí i. "Wọ́n ti yọ irin náà, kò tíì pẹ́. Ihò ìṣó rèé. Títí tí eegun máa fi dí wọn, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Lójú ihò yìí ló ti tún kán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán ni."

Hadassah yíjú sí Raphael. "Lọ́tẹ̀ yìí, ta ló ṣẹ́ ẹ?"

"Èmi fúnra mi ni. Mo wọlé, mo bá a tó fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn mọ́ ògiri. Mo fọwọ́ méjèèjì gbé irin, mo là á mọ́ ọn lórí. Mo gbọ́ tí eegun mi dún, pà! Ó ṣubú. Mo tún lù ú. Mo tún lù ú."

"Nígbà tó ti fi í sílẹ̀?"

"Nígbà tó ti fi í sílẹ̀. Ó ti lu oyún jáde lára ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, mà. Mo fẹ́ kó tán."

Dókítà di apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà. Hadassah fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó fi ìkejì sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Níní ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu òógùn ojú àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi," Raphael wí, ó wa eyín pọ̀.

Hadassah gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò fa ẹ̀wọ̀n náà títí Níní fi nu ojú rẹ̀ tán.