Méje Olóríkunkun

Rìbìtì jí ní kùtùkùtù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló rí rìbìtì tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

Màmá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì tà. Láàárọ̀ yìí, ó bu ìyẹ̀fun pípò fún Rìbìtì.

"Ìwọ lo máa ṣe búrẹ́dì ilé wa lónìí. Jẹ́ kí wọ́n dọ́gba o."

Pá, pá, pá! Rìbìtì lu ìyẹ̀fun. Ó yí i róbótó róbótó.

Ọ̀kan ti Bàbá. Ọ̀kan ti Màmá. Ọ̀kan ti Màmá Àgbà. Ọ̀kan ti Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀kan ti Àǹtí. Ọ̀kan ti Rìbìtì fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan ti Àbúrò, ọmọ ọwọ́ jòjòló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó.

Méje!

"Tò wọ́n sínú páànù," ni Màmá wí. "Má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan dá wà. Èyí tó bá dá wà kì í rí ẹni fara tì. Ńṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ."

Rìbìtì tò wọ́n ní méjì méjì. Méjì, méjì, méjì. Ó ku ọ̀kan.

Ó tú wọn ká. Ó tò wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́ta, mẹ́ta. Ó tún ku ọ̀kan.

Ó gbìyànjú mẹ́rin mẹ́rin. Ìlà kìíní pé. Ìlà kejì kò pé.

"Méje yìí mà lágídí o," ni Rìbìtì wí. Ó gbọwọ́ lérán.

Ààrò ti gbóná. Bọ̀ọ̀dá wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló le níbẹ̀? Yọ ti Àbúrò kúrò. Kò kúkú ní eyín."

Ó na ọwọ́ sí i.

Inú bí Rìbìtì. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ara ilé ni Àbúrò."

Ó kó gbogbo wọn kúrò nínú páànù, ó gbé búrẹ́dì Àbúrò sí àárín tábìlì. Ó fi ti Màmá ṣọ́ ọ. Ó fi ti Bàbá ṣọ́ ọ. Ó gbé ti Màmá Àgbà tẹ̀ lé e, ó gbé ti Àǹtí tẹ̀ lé e. Ó gbé ti Bọ̀ọ̀dá náà síbẹ̀, bó tilẹ̀ ń bínú sí i.

Ó wá ku ti Rìbìtì. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Ó rọra tì í wọlé.

Wẹ́kú!

Rìbìtì wò ó. Mẹ́fà yí ọ̀kan ká. Kò sí èyí tó dá wà.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Méje ò fẹ́ ìlà. Agbo ló fẹ́."

Màmá wò ó títí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì. Mi ò ronú kan èyí rí."

Ó gbé páànù mìíràn sọ̀ kalẹ̀. Páànù náà rí rìbìtì bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n tò wọ́n sínú rẹ̀ bí agbo. Búrẹ́dì wọ ààrò. Ó wú, ó wú, ó wú. Òórùn dídùn gba gbogbo ilé.

Wọ́n gbé Àbúrò jókòó sórí ẹní. Gbogbo ilé jókòó yí i ká.

"Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà," ni Rìbìtì kà. Ó nawọ́ sí àárín. "Èje!"

Àbúrò ki búrẹ́dì rẹ̀ bọ ẹnu. Ó ń lá a, lá, lá, lá.

"Jẹ́ kí n bá ẹ jẹ ẹ́," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ó fà á.

Àbúrò dì í mú gírígírí. Kò fi í sílẹ̀.

Rìbìtì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i, Bọ̀ọ̀dá? Òun ni èje. Olóríkunkun ni."