Ife Àgbo Ọjọ́ Ọ̀wẹ̀ Àna

Orí ìkúnlẹ̀ ni Àdìjátù ti kọ́kọ́ rí Tàjúdéènì, lábẹ́ igi ẹmì lọ́nà oko wọn ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tó ń já ewé ẹlẹ́gùn-ún kan sínú àpò, tó sì ń sín bí ewúrẹ́.

"Ẹran ta nìyí o?" ni Àdìjátù wí, agbọ̀n èso ẹmì lórí rẹ̀. "Wọn ò so ó mọ́lẹ̀."

Ọkùnrin náà dìde, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹran ìlú Okaka ni. Ṣé wàá so mí ni?"

Ó ní yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìṣẹ́yìn ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń mú un dì. Ó jọ pé èròjà inú ewé yìí ń dí nǹkan náà lọ́wọ́. "Inú ìgò la ti rí i o. A ò tíì rí i lára èèyàn."

Láti ọjọ́ yẹn, Àdìjátù kò yéé lọ ṣa ẹmì lábẹ́ igi náà, kódà nígbà tí kò sí èso kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ̀, Ràmọ́nì, gbà kí wọ́n fẹ́ra wọn. Ó ní kí Tàjúdéènì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, kí wọ́n bá òun kọ ebè iṣu. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sí bàbá lẹ́sẹ̀. Ọsibítù ti fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, wọ́n se àgbo ara ríro fún àwọn tó ń kọ ebè. Onílé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu, kí àlejò má baà fura. Bàbá gbé ife sẹ́nu. Òórùn ewé ẹlẹ́gùn-ún gba imú Tàjúdéènì. Ó sáré, ó já ife gbà lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó dà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí èmi onítàn rọra sọ ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn! Wọ́n rí àgbo tó dà nù. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dà nù.

"Àfojúdi!" ni Wàhábì, àbúrò bàbá, pariwo. "Ìwé ti yí i lórí!"

"Bàbá, ẹ̀ ń lo oògùn ọsibítù," ni Tàjúdéènì wí. " Tí ewé yìí bá tún kún un, ẹ̀jẹ̀ yín lè má dá mọ́."

"O ti rí i rí lára èèyàn?" ni Ràmọ́nì bi í.

Tàjúdéènì kò lè parọ́. "Rárá, bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Gbé ọkọ́ rẹ. Mi ò fọ́mọ fún ojo."

Àdìjátù tẹ̀lé e dé etí ọ̀nà, inú ń bí i. "Kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀?"

"Kí n tó dìde, wọ́n á ti gbé e mì."

"Olóríkunkun!"

"Tìrẹ ni."

Àdìjátù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló jáde.

Ìbínú ni bàbá fi ń mu àgbo náà láràárọ̀. Ta ló ń fìyà jẹ? Gbogbo ilé ń wò ó, wọ́n panu mọ́. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Àdìjátù nìkan ló ń ṣọ́ pákò tí bàbá fi ń fọ ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pákò náà pọ́n bí osùn. Ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ yín rèé. Tí ẹ bá kú, ta ló máa fà mí fọ́kọ? Ṣé ife yẹn ni?"

Ẹ̀jẹ̀ erìgì bàbá kò dá. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ṣakí. Dókítà jágbe: "Ta ló ní kí ẹ da oògùn àti àgbo pọ̀?"

Nígbà tí ara bàbá mókun, ó ránṣẹ́ sí Okaka pé ebè òun kò tíì parí. Tàjúdéènì dé, ọkọ́ léjìká. Ó bá bàbá ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ife àgbo lọ́wọ́. Àdìjátù sún mọ́ wọn.

"Tàjú."

"Bàbá."

"Wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gba ife, ó dà á nù. Bàbá yíjú sí Wàhábì: "Ṣé àfojúdi nìyí?" Wàhábì gbé ọkọ́, ó kọrí sí ìdí ebè.

"A ó so yìgì kí iṣu yìí tó ta," ni bàbá wí.

Àdìjátù bu omi tútù wá. Ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ kó tó gbé e fún Tàjúdéènì.

"Kí àlejò má baà fura," ló wí.

"Ta ni àlejò?" ni Tàjúdéènì bi í, ó sì mu ún tán.