Ẹni Tó Ń Dá Fèrè Wa Lóhùn

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ibà ò sì mú mi. Ọ̀sán gangan ni. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀, etí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbọ́ ọ.

Èmi Clotilde ni mo máa ń fi ọkọ̀ háyà fáwọn arìnrìn-àjò afẹ́ níbí ní Dominica. Signe wá láti Norway pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Torvald. Afọ́jú ni bàbá náà. Ó fẹ́ lọ gbọ́ òkun apá ìlà-oòrùn, wọ́n ti sọ fún un pé ariwo rẹ̀ yàtọ̀. Signe ló máa wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀nà òkè wa ń bà á. Mo bá wọ ẹ̀yìn jíìpù mi láti máa júwe fún un.

"Òsì, Signe! Òsì!" Mo ti pariwo kí a tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. "Apá òsì la máa ń gbà níbí. Ṣé o fẹ́ pa mí kí n tó jẹun ọ̀sán ni?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ká ní mo ń ríran ni, ǹ bá ti bọ́ sílẹ̀."

Mo kọ́ Signe pé tó bá dé kọ́nà tí kò rí òdì kejì rẹ̀, kó fọn fèrè ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá fọn tiẹ̀ dáhùn, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí onítọ̀hún á fi kọjá. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀nà náà tóóró. Ògiri òkúta wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì.

Bí a ṣe ń gun òkè, kùrukùru bo igbó. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Signe fọn fèrè ní kọ́nà àkọ́kọ́. Fèrè kan dáhùn.

A dúró. Omi ń kán látorí ewé. Kò sẹ́ni tó yọ.

"Bóyá ẹ̀rù wa ló ń bà á," Signe wí.

A yí kọ́nà náà. Ọ̀nà ṣófo. Kò síbi tí ọkọ̀ lè yà sí, kò sì síbi tó ti lè yí padà.

Kọ́nà kejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà.

"Gbohùngbohùn ni," mo sọ. Irọ́ ni mo pa. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, òkè yẹn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Clotilde," bàbá náà wí, "fèrè ọkọ̀ tìrẹ ló ń dáhùn. Ohùn rẹ̀ máa ń há díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Gbọ́ ọ dáadáa."

Òótọ́ ló sọ. Fèrè ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ni olóògbé ọkọ mi so mọ́ jíìpù yẹn. Kò sí irú ẹ̀ mìíràn ní gbogbo erékùṣù yìí.

Ní kọ́nà kẹrin, Signe pa ọkọ̀. "Mi ò fọn ún mọ́."

A jókòó. Gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́.

Fèrè náà dún lódì kejì kọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró. Ó tún dún.

"Ó ń tọrọ ọ̀nà," bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Dá a lóhùn, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Dá a lóhùn."

Ó fọn ún. Mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Mo gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ wa. Jíìpù mì. Ẹrẹ̀ ta sí Signe lápá láti ojú fèrèsé. Mi ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó ti kọjá, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí a ti wá.

Bàbá náà ti kọ ojú sí ìró yẹn títí ó fi lọ tán.

"Ta ló wà nínú ẹ̀?" mo bi í. Mi ò mọ ohun tó mú mi bèèrè.

"Obìnrin méjì. Ẹ̀yin méjèèjì ni. Ẹ ń sunkún." Ó yíjú padà sọ́dọ̀ wa. "Mi ò gbọ́ ohùn tèmi níbẹ̀."

Kò síbi tí a ti lè yí padà, àfi ká máa lọ síwájú. Fèrè mìíràn ò dún mọ́. Nígbà tí a dé abúlé etí òkun, bàbá náà dúró létí omi fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

"A ò ní gba ọ̀nà yẹn," Signe bẹ̀ ẹ́. "A máa wọ ọkọ̀ ojú omi."

"Bí mo bá jókòó síbí," ó ní, "kò sóhun tí ẹ máa sunkún lé lórí."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Signe fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, àwọn apẹja gbé èmi àti Signe gba ojú òkun padà.

Ọdún kẹrin rèé. Bàbá náà ń gbé nílé Ma Philomène, opó kan lábúlé náà. Ó ti gbọ́ èdè wa. Signe ń wá wò ó lọ́dọọdún, àmọ́ kì í kí mi mọ́. Jíìpù mi ṣì wà lábẹ́ igi àgbọn níbẹ̀, adìyẹ ń yé sínú ẹ̀. Mi ò lọ gbé e.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí bàbá náà. Ma Philomène bu ẹja àti kókò fún wa. Nígbà tó jáde, mo bèèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Bàbá, kí ni àwa obìnrin méjì yẹn ń sọ bí a ṣe ń sunkún?"

"Orúkọ kan lẹ ń pè ṣáá."

"Orúkọ yín?"

Ó mi orí. "Orúkọ mi kọ́."

"Orúkọ ta wá ni? Kí lẹ wá dúró níbí fún?"

Ó na ọwọ́, ó wá àwo mi kiri orí tábìlì títí ó fi kàn án, ó rọra tì í sọ́dọ̀ mi.

"Jẹun," ó ní. "Kó má tutù."