Ìdána Inú Agbọ̀n

Òkú ẹja ló mú Ifáníkẹ́ àti Akínwándé pàdé. Ifáníkẹ́ ń pọnmi lódò tó wà lẹ́yìn Ìminì nígbà tó rí àwọn ẹja náà tí wọ́n léfòó. Ó tọ ipa odò lọ sókè títí ó fi bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sin edé nínú kòtò omi. Ó bi í bóyá òun ló ń ba odò jẹ́. Kò purọ́. Ó ní lóòótọ́, àjẹkù oúnjẹ edé àti ìgbẹ́ wọn ni òun ń dà sódò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Òtítọ́ yẹn ni Ifáníkẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ràn. Kí ọdún tó yí po, oríkì ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

Ọlọ́ṣun ni àwọn ará ilé Ifáníkẹ́. Wọn kì í da omi ìlò padà sódò, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Ó rọ Akínwándé pé kó gbẹ́ gọ́tà láti ibi kòtò náà wọ oko kókò, kí ilẹ̀ mu ìdọ̀tí, kí kókò sì jẹ ẹ́. Akínwándé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti búra pé bó bá gbẹ́ ẹ, òrìṣà ló tẹrí ba fún, òun kò sì ní bá a lọ tọrọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, jẹ́ ká ṣègbéyàwó ná," ni Akínwándé wí. "Màá gbẹ́ ẹ tó bá yá."

"Ẹja ò ní dúró de ìgbéyàwó, Àkànní."

Ní oṣù Òkúdù, òjò ńlá rọ̀, kòtò náà ya wọ odò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹja kan tó wà láàyè. Bàbá Ifáníkẹ́ ṣà wọ́n kún agbọ̀n, ó gun ọ̀kadà lọ sí Fìdítì, ó gbé e síwájú ìyá Akínwándé.

"Ìyá, ìdána tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ rèé. A dá a padà."

Obìnrin náà wo ẹja àrọ̀ ńláńlá tó ti ń rùn.

Ifáníkẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó gbọ́ pé Akínwándé ti ń gbẹ́ gọ́tà, ṣùgbọ́n kò lọ wò ó. Gọ́tà kò lè jí òkú ẹja dìde.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ọmọ ẹja mẹ́ta lábẹ́ ewé, wọn kò gùn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó gba ọ̀nà òkè odò. Ìyá Akínwándé ló bá nínú oko kókò, ó ń fi ọkọ́ tún ojú gọ́tà ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo rí ẹja mẹ́ta."

"Mẹ́ta péré?"

"Mẹ́ta ni, Mà."

Ìyá náà gbé ọkọ́ sílẹ̀. "N kò bọ òrìṣà o. Ẹja rere tó ṣòfò ni n kò lè gbàgbé. Lọ pe ọkọ rẹ wá. Jẹ́ kí n fọ ẹsẹ̀, ká jọ lọ bá bàbá rẹ."

Ó bu omi lódò, ó gbé e jìnnà sí etí omi, ó sì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ilẹ̀.